Àlọ́ Ìṣirò Kì Í Ṣe Ohun Àkọ́sórí

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìṣirò ra ìpín tí wọ́n sì ń tà á, irú bíi Jane Street tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 2000, kì í fi dandan lé e pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ òwò náà kó tó wá. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àlọ́ ìṣirò ni wọ́n máa ń pa fún un.

Ẹ wo irú rẹ̀ kan. Wọ́n gbé dáìsì lúdò fún ọ: iye ojú tó bá yọ, wọ́n á san ₦1,000 lórí ojú kọ̀ọ̀kan. Èló lo máa san kó o tó jù ú? Àròpọ̀ 1 dé 6 jẹ́ 21. Pín in sí 6, ó di 3.5. Nítorí náà, ₦3,500 ló tọ́. Tí wọ́n bá wá ní o lè tún un jù lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Bí 4, 5 tàbí 6 bá yọ, dúró. Bí 1, 2 tàbí 3 bá yọ, tún un jù. Ìdajì ìgbà, ₦5,000 ni wàá máa rí ní ìpíndọ́gba. Ìdajì yòókù, ₦3,500. Àárín méjèèjì ni ₦4,250.

Ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Wọ́n á ní: "Ó di ₦4,400. Ṣé wàá san án, àbí wàá gbà á lọ́wọ́ wa kí àwa jù ú?" Ibí ni ẹni tó há ìdáhùn sórí ti máa ń dákẹ́. Gbà á ló tọ́, nítorí ó fi ₦150 ju iye rẹ̀ lọ.

Ìyá tó ń ta tòmátò ní Magboro kì í dákẹ́. Bó bá ra apẹ̀rẹ̀ kan ní Mile 12, kò mọ iye tí yóò jẹrà kó tó délé. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ díyelé e kí oníbàárà tó kọjá lọ.

Àwọn kan ní àlọ́ yìí ń gbè sẹ́yìn ọmọ ilé-ìwé ńláńlá òkè òkun. Òótọ́ wà níbẹ̀: ẹni tí iná ń lọ mọ́ lórí ní Magboro níbi tó ti ń dáhùn ìbéèrè lórí fídíò kò bá ẹni tó jókòó sí London dọ́gba. Ṣùgbọ́n dáìsì lúdò kò wọ́n, kò sì lo iná. Àìfẹnusọ̀rò ló ń dá wa dúró jù. Láti ọdún kìn-ín-ní ni a ti ń há ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sórí. Ìwọ̀nba ni olùkọ́ tó ń ní kí a ro ìṣirò sókè kí gbogbo kíláàsì gbọ́.

Lọ́dún 1654, lẹ́tà tí Pascal àti Fermat kọ síra wọn lórí tẹ́tẹ́ ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò ìṣeéṣe lélẹ̀. Ìjíròrò ló bí i. Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀: pátákó, ṣọ́ọ̀kì, àlọ́ kan, kò sí fóònù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti la ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí kọjá, ẹ wá pa àlọ́ náà fún wa. Kí ẹni tó bá ṣìnà ṣì í lójú ara wa, kó tó ṣì í lójú ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́.