Káàdì inú báàgì ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìpàdé àdúrà wa ní Ogbómọ̀ṣọ́, ọmọbìnrin kan láti Under G ní òun fẹ́ rí mi. Ó ṣí báàgì, ó kó káàdì tarot jáde. Àwòrán ara wọn rẹwà, n ò ní purọ́: ọba adúláwọ̀ tó wé láwàní, ẹṣin, ààfin Sípéènì. Ó ní, "Daddy, èyí kì í ṣe ti òyìnbó o. Ìtàn àwọn Moor ni. Tiwa ni."

Ó dáa. Àwọn Moor wọ Sípéènì lọ́dún 711, ìjọba wọn sì parí síbẹ̀ lọ́dún 1492. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yúróòpù ti rí káàdì títa. Ṣùgbọ́n Ítálì ni tarot ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1440, eré lásán ni wọ́n ń fi í ṣe. Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn ará Faransé tó sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń wo ọ̀la.

Iyanrìn ni wọ́n ń tẹ̀ nílẹ̀ àwọn Moor. Ìlà mẹ́rin, àmì kan tàbí méjì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, àwòrán mẹ́rìndínlógún. Sípéènì náà ni wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn, láàárín ọdún 1100 sí 1200. Ẹni tó dàgbà sí Ọ̀yọ́ bíi tèmi á ti máa rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ààfáà ni, ilé wọn ò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán, iyanrìn yìí náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ tún wo ojú odù Ifá: mẹ́rìndínlógún, ìlà mẹ́rin, ẹyọ kan tàbí méjì. Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn tó parí lọ́dún 1897 pé afọ́jú ọmọ Tápà kan, Setilu, ló mú Ifá wọ ilẹ̀ wa.

Mo ní, "Ọmọ mi, tó bá jẹ́ tiwa lò ń wá, kí lo ń fowó ránṣẹ́ sókè òkun sí? Ó wà ládùúgbò. Pé ó jẹ́ tiwa ò sọ ọ́ di ti Ọlọ́run. Diutarónómì 18 ò béèrè àwọ̀ ara aláfọ̀ṣẹ."

Ó ní ṣé àwọn àpọ́sítélì náà ò ṣẹ́ kèké nígbà tí wọ́n yan Mátíà ni? Mo ní wọ́n ṣẹ́ ẹ, Ìṣe orí kìíní. Ní orí kejì, Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé wọn. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti tún ṣẹ́ kèké mọ́.

Mo rò pé mo ti borí. Ọmọ yìí wò mí lójú. "Daddy, wòlíì tí ẹ pè wá sí ìṣọ́ òru lọ́dún tó kọjá ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà nínú àpòòwé kí wọ́n tó ríran sí mi. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta, ọkọ ti dé. Káàdì yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sanwó rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, ẹnu mi wọhò. Èmi ni mo pe wòlíì yẹn. Èmi ni mo jókòó níwájú tí mò ń ké àmín. Tí a bá ti kọ́ ọmọ pé rírà ni wọ́n ń ra ọ̀la, a ò lè bínú pé ó lọ sí ìsọ̀ tó ti dínwó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ yìí ti wá bá mi ṣáájú. Òróró ni mo fún un. Mi ò bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Àṣé àbúrò rẹ̀ ló ń ṣègbéyàwó ní Disẹ́ńbà, wọn ò sì jẹ́ kó gbádùn nílé.

Torí náà, àpòòwé ìran ti parí ní ìjọ wa, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ogbómọ̀ṣọ́. Àlejò tó bá fẹ́ gbà á, kó jókòó sílé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ san ti ọdún tó kọjá, ẹ lọ rí akápò, a ó dá a padà. Ẹ má tijú o.

Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà á. Àwọn ará Éfésù nínú Ìṣe 19, àwọn fúnra wọn ló kó ìwé wọn wá, Pọ́ọ̀lù ò tú báàgì ẹnikẹ́ni. Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá rí èmi àti Mummy. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló máa sọ̀rọ̀.