Ewúrẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Láìpẹ́ yìí ni àwọn òbí kan fi ẹjọ́ ọmọ wọn sùn wá. Ọmọ náà ń kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fíìmù katúùnù, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì ni láti mọ ewúrẹ́ kan tí yóò rìn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, ewúrẹ́ kò tíì gbẹ́sẹ̀, eré lásán ni ọmọ ń ṣe. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó mú èyí tí ẹlòmíràn ti mọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mọ iṣẹ́ náà kí a tó dá ọmọ lẹ́jọ́. Ẹni tí yóò mọ ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fara balẹ̀ wo ewúrẹ́ gidi. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀ ni. Orúnkún gan-an wà lókè lẹ́bàá ikùn. Bí ó bá ń rìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ni yóò gbé, iwájú òsì yóò tẹ̀ lé e; lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ọ̀tún, kí iwájú ọ̀tún tó tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn èyí ni yóò máa fa ara rẹ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà, ní igun mẹ́rin-mẹ́rin kéékèèké, bí ẹni ń mọ amọ̀. Bí ìlà kò bá pọ̀ tó níbi oríkèé, awọ yóò hunjọ bí aṣọ tí a kò lọ̀. Yóò wá to egungun sínú rẹ̀ láti orí dé ìrù, yóò so awọ mọ́ ọn. Òǹwòran kò ní rí egungun yìí, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gbé ewúrẹ́ rìn. Àwòrán 24 ni ó sì ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 10 di àwòrán 240. Ṣé eré nìyẹn?

Iṣẹ́ yìí lérè. Blender, tí a yọ̀ǹda fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2002, ni Gints Zilbalodis ará Latvia fi ṣe Flow, fíìmù ológbò tí ó jáde ní 2024, tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 2025.

Ní ti ìmọ̀ràn ìyá, bí ẹni tí ó mọ ewúrẹ́ bá yọ̀ǹda rẹ̀, tí olùkọ́ sì gbà, kí ọmọ lò ó, kí ó dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Láti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, olè ni, irọ́ sì ni. Ẹ̀mí Ọlọ́run ni ó fún Besaleli ní ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ nínú Eksodu 31. Báwo ni a ó ṣe fi irọ́ lú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀? A bẹ ìyá náà pé kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà lọ́dọ̀ ọmọ.

Ẹ̀yin òbí, òtítọ́ ni egungun inú ọmọ. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá ní kí ọmọ dá rìn ni a ó mọ̀ bóyá a tò ó sí i. Ẹ fún wọn láyè, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ gbàdúrà lé iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Olúwa yóò bù kún àwọn ọmọ wa. Àmín.