Ẹ̀yáwó Tí Kò Ní Èlé, Èlé Tí Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ Ń San

Ẹ̀yáwó tí àjọ NELFUND ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní èlé, ìjọba àpapọ̀ kò sì jẹ́ kí etí sinmi lórí rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 béèrè oníduro, ó sì ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ bá ju 500,000 náírà lọ lọ́dún kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀. Wọ́n da ìyẹn nù, wọ́n gbé òmíràn dìde ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, oṣù Kẹfà ló kan ti ìpínlẹ̀. Kí ọdún 2025 tó parí, àjọ náà ti ń kà á kọjá 100 bílíọ̀nù náírà. Bílíọ̀nù ni wọ́n ń kéde. Ọjọ́ tí owó dé, wọn kì í sábà kéde ìyẹn.

Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò ilé-ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fojú kàn án. 20,000 náírà owó ìtọ́jú ara lóṣooṣù ló ń bọ́ sí àkáǹtì tirẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, bó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Nínú 80,000 náírà tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù lọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 8,000 ni yóò máa lọ. Ẹni tó jẹ 500,000 yóò san án fún ọdún márùn-ún ó lé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, yunifásítì LAUTECH ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ìlú Ọ̀yọ́, ó kan Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Emmanuel Aláyandé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ajayi Crowther àti Atiba, tí gbogbo wọn jọ ń ra gààrí lọ́jà Akẹ̀sán, kò sí níbẹ̀, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni tiwọn.

Àǹfààní inú ẹ̀yáwó yìí tóbi ju bí ìjọba gan-an ṣe ń polówó rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà dé ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọjà bá gbówó lórí báyẹn fún ọdún kan péré, 100,000 tí ènìyàn yá kò ní lè ra ju ohun tí 74,000 ń rà tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó bá fẹ́ dá a padà. Ẹ̀yáwó tí kò ní èlé lásìkò ọ̀wọ́ngógó, ẹ̀bùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ó wá ku ẹni tó ń jẹ ẹ̀bùn náà.

Ilé-ẹ̀kọ́ kì í sábà dúró de NELFUND. Ó ní gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì sanwó kò ní ṣèdánwò. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́, kí àjọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí owó tó gbéra. Láàárín ìgbà yẹn, ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ lọ́jà Wàzò ní Ògbómọ̀ṣọ́ á wá ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í béèrè fọ́ọ̀mù púpọ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń pè wọ́n ní ṣogúndogójì. Àwọn tuntun inú wọn, tí ń kó obìnrin jọ láàárọ̀ láti gba owó ọ̀sẹ̀, ni àwọn ọlọ́jà ń pè ní gbómúléláńtà. Ká ní ó yá 100,000, tó ń dá 5,500 padà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24: 132,000 ni yóò san. NELFUND á wá dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, pẹ̀lú 100,000 tí kò ní èlé. Èlé ti gun orí owó náà kó tó dé. Ìyá ló ń san án, ìwé ìjọba kò sì ní kọ ọ́ síbì kankan.

Owó tó ń pẹ́ dé kò ṣàjèjì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1990 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá LAUTECH sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ lọ́dún 1991, ilé-ẹ̀kọ́ di ọmọ bàbá méjì, tí bàbá kọ̀ọ̀kan ń wojú èkejì pé kó sanwó. Lọ́dún 2016 sí 2017, ìyanṣẹ́lódì sọ ọgbà náà di ahoro nítorí owó tí ìpínlẹ̀ méjèèjì kò san. Ẹ̀kọ́ ọdún márùn-ún fẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀, owó ilé ní àdúgbò Under G kò sì torí pé olùkọ́ ò wá dín kù. Oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni Ọ̀yọ́ tó gbà á nìkan.

Ẹ̀yáwó pàápàá kì í ṣe tuntun. Ìjọba Gowon dá ìgbìmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1972; ọ̀pọ̀ tó yá kò san. Wọ́n sọ ọ́ di báńkì ètò ẹ̀kọ́ lọ́dún 1993, ìyẹn náà ò dúró. Láàárín méjèèjì, láti 1979 sí 1983, Bọ́lá Ìgè ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.

Ìjọba ibòmíràn ń gba inú owó orí ran òbí lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń san owó yunifásítì lè rí tó 2,500 dọ́là yọ lórí owó orí ọdún kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìyẹn náà ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n owó ìrànwọ́ Pell Grant, tí a kì í sábà dá padà, ti ṣíwájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà. Òfin owó orí tuntun Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026, ṣàánú ẹni tó ń san owó ilé àti ẹni tó ra adójútòfò ẹ̀mí. Kò rántí ẹni tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdàgbàsókè tí òfin náà ń gbà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ni yóò máa lọ sọ́dọ̀ NELFUND: ẹ̀yáwó náà ni wọ́n tún rí owó fún.

Àtúnṣe owó NELFUND tó ń pẹ́ dé kò le. Kí ilé-ẹ̀kọ́ forúkọ ẹni tí NELFUND ti fọwọ́ sí sílẹ̀ láìdúró de owó. Àṣẹ àjọ ìjọba yẹ kó tó oníduro. Kí NELFUND máa kéde ọjọ́ pẹ̀lú iye. Ẹ̀kẹta ì bá jẹ́ ti dídá owó padà fún ẹni tó ti san tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàwàdà. Lọ́dún 2025, àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kárí orílẹ̀-èdè ń fi owó náà ṣe. Ẹni tó ti fi owó ṣogúndogójì san kí NELFUND tó dé yẹ kó gba tirẹ̀ padà. Èsì tí àwọn kan ń gbà ni pé owó náà wà ní ìpamọ́ fún sáà tó ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá wà lára àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ fún: orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé gbèsè, kò sì ní sáà kankan tó ń bọ̀.