Ẹ̀fọn Aṣálẹ̀ Mauritáníà àti Ẹ̀tọ́ Ìsọlórúkọ

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ tí ń to oríṣiríṣi ẹ̀fọn ilẹ̀ Mauritáníà sínú ìwé kò wo ilé. Orúkọ Látìn pé ṣánṣán níbẹ̀, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì sì ni àlàyé. Ṣùgbọ́n Lárúbáwá Hassaniya, Pulaar, Soninke àti Wolof, tí àwọn onílẹ̀ ń sọ, kò rí ààyè jókòó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè lásán. Aṣálẹ̀ kò dènà ẹ̀fọn. Ní Nouakchott, Anopheles arabiensis ń tan àìsàn ibà. Ní 2014, ibà dengue jà níbẹ̀, Aedes aegypti sì ń bẹ nílùú náà. Ní 2010, òjò àràmàǹdà rọ̀ ní Adrar, omi dúró, ẹ̀fọn pọ̀, ibà Rift Valley sì kọlu ràkúnmí, ewúrẹ́ àti ènìyàn. Bí irú èyí bá tún dé, ojú ta ni yóò kọ́kọ́ tó o, bí kò ṣe ti darandaran?

Àwọn kan a ní orúkọ tí darandaran ń pe kòkòrò kò bá sáyẹ́ǹsì mu. Ta ni ó ni Culex? Ọ̀rọ̀ tí ará Róòmù fi ń pe ẹ̀fọn lójoojúmọ́ ni. Linnaeus fi pipiens kún un ní 1758, ìyẹn ‘èyí tí ń han’. Anopheles tí Meigen lò ní 1818, ‘aláìwúlò’ ni ní èdè Gíríìkì. Bí ọ̀rọ̀ ará Róòmù bá di ìmọ̀, kí ló sọ ti àgọ́ darandaran di àlèébù?

Òótọ́ ni pé ojú lásán kò lè ya Anopheles gambiae sọ́tọ̀ kúrò lára arabiensis. Iṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ni. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó ní kí a pa Látìn tì. Ṣùgbọ́n Anopheles a máa gbé ìdí sókè bí ó bá bà. Aedes aegypti ní ilà funfun lẹ́sẹ̀, ọ̀sán ni ó sì ń jẹni. Ojú gbogbo ènìyàn tó ìwọ̀nyí. Kí olùṣàkọsílẹ̀ má wulẹ̀ gba yoo lẹ́nu Wolof kí ó sì máa lọ. Kí ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pe ti ọ̀sán, ti òru àti ti ẹ̀yìn òjò.

Ẹ̀bi kan àwọn onímọ̀ èdè pẹ̀lú, tí wọ́n ń jókòó sí ọ́fíìsì hun ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ. Kí wọ́n bá onímọ̀ kòkòrò lọ sí etí omi. Kí orúkọ Látìn, orúkọ ìbílẹ̀, irú omi tí ẹ̀fọn ń yé sí àti àkókò tí ó ń jẹni wà lójú kan náà. Àkọsílẹ̀ tí kò yé ẹni tí ẹ̀fọn ń jẹ, ẹ̀fọn ni ó ń ṣe láǹfààní.