Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ sójà Bọ́mà sílẹ̀?

Nígbà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá lọ sí Àgbádárìgì, wọ́n fi ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun hàn wá. Ó dùn wá gan-an. Ṣùgbọ́n bí a ti dúró níbẹ̀, a rántí àwọn mìíràn tí òkun yìí kan náà gbé lọ: àwọn sójà Dífísọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1943, tí wọ́n lọ bá àwọn ará Japan jà ní Bọ́mà. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù ogun gba inú igbó Kaladan. Ananse, aláǹtakùn inú àlọ́ àwọn Akan, ni àmì wọn. (Àwa ì bá yan Ìjàpá o!)

Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọta níbẹ̀ ní 1944. Àwọn mùsùlùmí abúlé kan ló fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ó kọ ìtàn náà kó tó kú ní 2012, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ibẹ̀ ló ti ń dùn wá. Lọ́dọọdún, oríkì àti òwe náà là ń fi ṣe àpilẹ̀kọ. Ẹ jẹ́ ká wá àwọn ọmọ sójà Bọ́mà lọ, ká gba ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn sílẹ̀, ní Yorùbá tó fi sọ ọ́.