Àwa Mẹ́ta Kò Lè Kọ Ìtàn Ìjọ Mọ́kànlá

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ní ìpàdé ìjọ tó kọjá, a fẹnu kò pé kí ìgbìmọ̀ ìtàn má ṣe mọ sórí ìjọ ńlá wa níbí ní Kaduna nìkan mọ́. A ní kí ó kọ ìtàn gbogbo ìjọ kéékèèké mọ́kànlá tí a ti dá sílẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó bi ara mi pé: ta ni yóò ṣe é?

Ta tilẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ìtàn? Ẹ má bínú, n ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Alága wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò sì ríran kàwé dáadáa mọ́. Akọ̀wé wa ti kó lọ sí Abuja láti ọdún méjì, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé. Ẹnì kẹta ni èmi, olùkọ́ tó ń fi ìrọ̀lẹ́ máàkì ìwé ọmọ iléèwé. A ò ní owó, a ò ní kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣeé tì. Gbogbo àwòrán àtijọ́ ìjọ yìí wà nínú báàgì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì alága.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n lé ní ogójì. Wọ́n ní ọ̀gá, wọ́n ní igbákejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe ìdánrawò lọ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì san kọ́bọ̀ fún wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àwọn ará ìjọ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n ń ṣe é. A ò tíì pè wọ́n sí iṣẹ́ ìtàn bí a ṣe pè wọ́n sórin ni.

Ohun tí a mọ̀ sí ìtàn níbí ni ìwé pẹlẹbẹ àjọ̀dún. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n á jí ìgbìmọ̀ wa dìde, wọ́n á ní kí a yára. Àwòrán àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní ìtòtẹ̀lé, ọdún tí wọ́n dé, ọdún tí wọ́n lọ, òkúta ìpìlẹ̀, ìkíni láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹni ńlá, ó parí. Mo ka orúkọ obìnrin tó wà nínú èyí tí a ṣe kẹ́yìn. Mẹ́rin ni. Mẹ́ta nínú wọn, ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn ni “ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn”. Bẹ́ẹ̀, ta ló ru yanrìn? Ta ló ń dáná fún àwọn bíríkìlà?

Mo fẹ́ sọ ti màmá kan. Wọ́n wà nínú àwọn tí wọ́n dá ọ̀kan nínú ìjọ mọ́kànlá yẹn sílẹ̀. Ìyàwó tuntun ni wọ́n ní Tamale, ní Gánà, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ wọn. Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ṣe ta ọjà ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọ̀pọ̀, bí wọ́n ṣe gun orí ẹrù nínú lọ́rì, bí wọ́n ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé kò gbà wọ́n, tí ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn sì ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Kaduna. Iyàrá wọn ni ìpàdé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, kí ìjọ yẹn tó ní òrùlé. Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé àjọ̀dún wa.

Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. A dé ibi tí wọ́n fẹ́ sọ bí a ṣe rí ilẹ̀ ìjọ rà, ó rẹ̀ wọ́n, mo ní màá padà wá ní Sátidé. Nígbà tí Sátidé dé, ìwé ìdánwò kún iwájú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kọjá kí n tó lọ, òkú wọn ni mo bá. Lónìí, ìdílé kan ti dìde, wọ́n ní ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ti ìjọ. Ẹni tó mọ ẹni tí a sanwó fún, àti àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí, ti wà ní ibojì. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Àmọ́ ká ní ẹnì kejì wà tó lè lọ ní Sátidé yẹn ńkọ́?

Pásítọ̀ Samuel Johnson tó wà ní Ọ̀yọ́ parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ní 1897. Ìtàn kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ òǹtẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, òun náà sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ. Nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ Appam tó gbé e lójú òkun. Ọdún 1921 ni ìwé náà jáde, Obadiah sì ti kú ní 1920. Ìwé tí gbogbo wa fi ń yangàn nìyẹn o! Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹni tó kọ ọ́. Ta ló wà lẹ́yìn alága wa àti báàgì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

Àgbà ìjọ kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an ní kí a gba akọ̀wé kan, kí a sanwó fún un, kí ó kọ gbogbo rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta. Bàbá, ẹ forí jì mí. Inú kí ni yóò ti kọ ọ́? Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wa jóná nínú rògbòdìyàn Ṣàríà ní 2000. Ẹnu ènìyàn ni ìtàn wa wà báyìí, àlejò ò sì mọ ẹnu tí yóò bi. Àwòrán olùṣọ́-àgùntàn náà ni yóò tún tò fún wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún nìyí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan fún wa ní ẹnì kan tó mọ ilé àwọn àgbà, tó sì gbọ́ Hausa, nítorí kì í ṣe Yorùbá nìkan ló kọ́ àwọn ìjọ yẹn. Kí àwọn ọ̀dọ́ méjì máa bójú tó ohùn àti àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà níbi mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn odi Kaduna. Ẹ má gbàgbé 2000. A nílò àwọn tó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì gan-an, torí wákàtí kan ohùn lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí a tó kọ ọ́ tán. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kaduna níbí, kí ẹni tó ráyè láàárín ọ̀sẹ̀ lọ wò bóyá ìwé ilẹ̀ wa kankan wà níbẹ̀. Ọdún méjì ni kí ẹnikẹ́ni ṣe, kí ẹlòmíràn gbà á. Oyè kọ́ ni.

Kí a má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mọ́kànlá. Ká mú mẹ́ta tí àwọn àgbà ibẹ̀ ti dàgbà jù ná. Tí ìpàdé ìjọ tó ń bọ̀ bá dé, tí a ò rí orúkọ kọ sílẹ̀, n ó dìde, n ó ní kí a fagi lé ìpinnu tí a pàtẹ́wọ́ fún.

Bàbá kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọ yẹn, ẹni ọdún 91. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ara wọn máa ń dá jù, kí n wá gbọ́ tẹnu wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iléèwé ni mo máa ń wà títí di aago márùn-ún.