Owó Oníbàárà, Pákó Tútù: Ohun Tó Ń Ti Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà Pa

 

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lórí ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà ti pọ̀ ju ohun tí ojú ewé lẹ́tà lè gbà, ni olóòtú bá ní kí n gbé e wá síhìn-ín. Ìyá kan tó ń ta aṣọ sọ pé òun ṣe wọ́dúróòbù nígbà òjò, nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́, kò ṣe é tì mọ́. Ẹlòmíràn san àsansílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì ìyàwó. Ìyàwó ti bímọ, bẹ́ẹ̀dì ò tíì dé. Àwọn káfíńtà náà ò dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn kọ tirẹ̀ gbọọrọ, ó ní àwọn oníbàárà ló ń kó bá àwọn: wọ́n á san ìdajì owó, wọ́n á ní kí iṣẹ́ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àfi bí ẹni pé inú fìríìjì làwọn ti ń mú àga jáde.

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì rìn dé ṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan. Kí ẹ̀yin àgbà má bínú sí èmi ọmọ yín o, ẹjọ́ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì ń rò. Àwọn káfíńtà wa mọṣẹ́, ẹni tó bá ní wọn ò mọṣẹ́, kó lọ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ sílé àwọn ọlọ́lá. Owó àsansílẹ̀ àti omi inú pákó ló ń da ọ̀rọ̀ rú, àwọn méjèèjì sì so kọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ká ní ìyá kan san 200,000 náírà sílẹ̀ fún kọ́bọ́ọ̀dù. Káfíńtà ò ní pákó kankan nílẹ̀. Ó mú 80,000 níbẹ̀, ó fi parí àga ẹni tó sanwó lóṣù tó kọjá, torí owó onítọ̀hún náà ti bá iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ. Ó mú díẹ̀ san owó iléèwé ọmọ. Èyí tó kù ló gbé lọ sí sọ́míìlì. Pákó tí wọ́n là láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí ara rẹ̀ ṣì ń tutù lọ́wọ́, ló rà, torí òun lowó ká. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti kan ìṣó mọ́ ọn. Kọ́bọ́ọ̀dù délé, ó rẹwà, pọ́líìṣì ń dán gbinrin. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, igi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ níbi tó dúró sí, ó sún kì, ojú ìsopọ̀ là, ilẹ̀kùn wọ́. Ìyá ò ní padà síbẹ̀ mọ́ láéláé, gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká ni yóò sì gbọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé káfíńtà yìí ò jalè o. Kò tilẹ̀ sinmi.

Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi inú rẹ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Nínú àwọn igi mìíràn, omi yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá ṣe ń gbẹ ni igi ń sún kì ní ìbú. Gígùn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Arère máa ń yára gbẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò ó lé ara wọn láìsí atẹ́gùn láàárín, ara rẹ̀ á ṣì bí ẹni ta aró sí i, kòkòrò á sì máa jẹ ẹ́. Igi apá ní tirẹ̀ a máa pẹ́ kó tó gbẹ. Gbígbẹ igi ò gba owó ńlá: kí ó wà lábẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí ó kúrò nílẹ̀, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ìpele kan sí èkejì, kí oòrùn má sì máa pa á tààrà.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbẹ? Ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú igi wà. Ẹni tí ò ní i, kó yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ alápatà. Kó gé èékù pákó kan láti àárín, kó fi sínú òkìtì pẹ̀lú àwọn tó kù, kó máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó fi bírò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Bó bá ṣì ń fúyẹ́, omi ṣì ń jáde. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti gbẹ dé ibi tí atẹ́gùn lè gbẹ ẹ́ dé. (Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ amúlétutù nílé, ẹ sọ fún káfíńtà yín o, torí ẹ̀rọ yẹn á tún fa igi gbẹ sí i.)

Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn ń gbèrú nínú àwọn tí mo rí, kì í ṣe pé wọ́n lówó ju àwọn yòókù. Ọ̀kan ń dá àjọ, ìgbàkígbà tó bá sì kó o, pákó ló fi ń rà. Èyí tó rà nígbà ọyẹ́ ló ń lò nígbà òjò. Òkìtì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yẹn ni báńkì rẹ̀. Àwọn mẹ́ta mìíràn dáwó jọ, wọ́n ra odindi gẹdú kan, wọ́n san owó ìlà ní sọ́míìlì, wọ́n pín in. Wọ́n ní ó dẹ̀ wọ́n lọ́rùn ju kí wọ́n máa ra pákó lẹ́yọ lẹ́yọ lọ, bí wọ́n sì ṣe fẹ́ kó nípọn tó ni wọ́n ṣe là á. Ẹnìkan wà tí kì í gba iṣẹ́ mìíràn ju ilẹ̀kùn lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Bàbá Onílẹ̀kùn. Kò dá a lóhùn. Ìwọ̀n kan náà ló ń gé, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lórí, èékù kì í sì í ṣòfò: àpótí tí ẹ̀yin ìyá wa ń jókòó lé lọ́jà ló ń fi wọ́n kàn. Àwọn olóko adìẹ ló ń wá kó lẹ́búlẹ́bú igi.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní Indonesia, ní erékùṣù Java, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Jepara. Iṣẹ́ igi ni wọ́n fi mọ ibẹ̀, bí a ṣe fi òfì mọ Ìsẹ́yìn. Kartini, obìnrin olókìkí kan tí wọ́n bí níbẹ̀ ní 1879, bá àwọn agbẹ́gi ìlú rẹ̀ wá oníbàárà títí dé ilẹ̀ Holland. Nígbà tí owó Indonesia já wálẹ̀ ní 1997 sí 1998, ọjà wọn di pọ́ọ́kú lójú òyìnbó, oníbàárà rọ́ dé, ṣọ́ọ̀bù tuntun ń yọ káàkiri. Kò pẹ́ tí igi tíìkì tó gbó fi ń wọ́n wọn, wọ́n ń gé kékeré, wọ́n sì ń fi owó pọ́ọ́kú gba iṣẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Nígbà tó yá ni àwọn kéékèèké yìí tó dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n lè máa bá olùrà sọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Àwa náà ti rí i tí owó já. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, gọ́ọ̀mù, ìdè ilẹ̀kùn àti bọ́ọ̀dù òkèèrè ti fò sókè. Káfíńtà tó bá gba owó lọ́jọ́ Ajé tó sì di ọjọ́ Ẹtì kó tó lọ sọ́jà, àpò ara rẹ̀ ló máa fi kún un. Òfin lè dí ọjà òkèèrè lọ́nà, ṣùgbọ́n òfin ò lè bá ẹnikẹ́ni gbẹ pákó.

Ìrókò àti ọ̀gànwó ti ń wọ́n lọ. Ẹ má fojú di mẹlínà tó wà ní igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí wọ́n gbìn nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, àmọ́ bó bá ti gbẹ tán, kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́.

Ẹ̀yin ìyá mi, bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún káfíńtà, ẹ kọ́kọ́ san owó pákó nìkan. Ẹ ní kó rà á lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ lọ wò ó lórí òkìtì, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ yín sí i. Owó iṣẹ́ di ìgbà tí igi bá gbẹ. Ẹni tó fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó lóṣù Kejìlá, kó ti san owó pákó lóṣù Kẹjọ. Ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà, bí ìyá bá ní òun fẹ́ rí pákó òun, ẹ má ṣe kanra mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tó ń fi bọ́ọ̀dù ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ ní ẹ ò bá omi inú igi jà, lẹ́tà yín ti dé ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín.